Àbẹ̀ní Kò Sọ Pé Òun Ń Bọ̀

Bàbá mi, níbi tí ẹ wà tí mo gbà pé ẹ ti ń gbọ́ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kejì rèé tí a ti sin yín, mi ò sì kọ nǹkan kan sí yín rí, nítorí mo rò pé ohun tí èmi àti ẹ̀yin ní í bá ara wa sọ ti tán. Kò tán o. Láti Sátidé tó kọjá ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo dúró níwájú kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ìṣirò sójú pátákó, ìdáhùn tí mo fi sí i kò tọ̀nà, àwọn ọmọ ń wojú ara wọn. Mo se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Màmá jẹ ẹ́, wọn ò sì wí nǹkan kan. Ẹ mọ̀ pé tí Màmá bá jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ tí wọn ò wí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo ti mọ̀ pé ẹ parọ́ fún wa. Ẹ̀yin, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ògbufọ̀ ìjọ wa fún ọdún gbọọrọ, tí àwọn àgbà ìjọ fi ń ṣeré pé bí oníwàásù bá wúkọ́, ẹ ó túmọ̀ ikọ́ náà, nítorí ẹ kì í fi kún ọ̀rọ̀ ẹni, ẹ kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Irọ́ náà kì í ṣe ti orí àga ìwàásù, ti eré tẹlifíṣọ̀n lásán ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá irọ́ yẹn ni ẹ fi dá Màmá dúró sínú ilé wa. Mo ti wá mọ ìdáhùn rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n títí ẹ fi lọ, ìdí nìyẹn tí mo ṣe mú bírò.

Ẹ rántí ọdún tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, tí ṣúgà àti mílíìkì sá kúrò lọ́jà, tí wọ́n ń fi kòbókò to àgbàlagbà sórí ìlà nítorí ọṣẹ ìfọṣọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Kò sẹ́ni tó ń dá aṣọ tuntun mọ́. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ lọ́wọ́, òkìríkà ló ń rà. Iṣẹ́ tí ń wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yín kò ju ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ ti gbó lọ, kí ẹ tú u, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí olúwarẹ̀ lè tún fi lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún kan sí i. Ẹ máa ń kùn orin bí ẹ bá ń tú kọ́là, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò ní mọ orin tó jẹ́. Mo máa ń bi yín pé orin wo nìyẹn, ẹ ò ní dáhùn, ẹ ó kàn máa kùn ún lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì ni tẹlifíṣọ̀n wa wà, dúdú òun funfun. Bí iná bá ti wà ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, àdúgbò á ti kún ṣọ́ọ̀bù. Eré ìfẹ́ kan ni a ń wò, àwòrán tí àwọn ará Japáànù fọwọ́ yà, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tí àwọn kan ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sí lẹ́nu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A ti rò pé ti ọmọdé ni gbogbo àwòrán yíyà, àfi ìgbà tí Ìyá Ráfíù, aládùúgbò wa, tó wá fa ọmọ rẹ̀ jáde níwájú tẹlifíṣọ̀n, jókòó tí kò dìde mọ́. Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó yanjú. Ẹ ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ẹ ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò oníwàásù, ẹ ó sì máa túmọ̀. Bí wọ́n bá sunkún nínú eré, ohùn yín á rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá bínú, ẹ ó gbọ́wọ́ sókè. Orúkọ àwọn èèyàn náà le lẹ́nu wa, ẹ bá fún wọn ní tiwa. Ọmọbìnrin náà di Àbẹ̀ní, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ di Àjàní.

Àbẹ̀ní ń ta ẹja gbígbẹ nílùú kékeré kan létí òkun. Àjàní ń kan ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ wá wọ́n nílùú bó ṣe wọ́n lọ́dọ̀ tiwa náà, Àjàní wọ rélùwéè lọ sí ìlú ńlá, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ọdún márùn-ún kọjá, kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan wà tó ń pín lẹ́tà nílùú náà, onírùngbọ̀n bíbọ́, òun ló ń yà lẹ́nu ọ̀nà Àbẹ̀ní lójoojúmọ́ láti sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ẹ ò fún ìyẹn lórúkọ. Apínlẹ́tà ni a kàn ń pè é. Nígbà tó yá, Apínlẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tún òrùlé ṣe, ó ń bá a gé igi, ó wá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Àbẹ̀ní sì gbà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣègbéyàwó, Àjàní sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè.

Ẹ ò lè gbàgbé bí ṣọ́ọ̀bù ṣe gbóná lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ti Àjàní ni mò ń ṣe, èmi àti Ìyá Ráfíù. Mi ò rí ohun tí èèyàn ń fi onírùngbọ̀n bíbọ́ ṣe. Màmá ní tiwọn máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó wọ inú ilé, wọn kì í dá sí i.

Àkókò yẹn náà ni ọkùnrin kan ti Àbíjàn dé, ọmọ Ẹdẹ, tó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti kúrò nílé. Ará Àbíjàn ni gbogbo wa ń pè é. Òun nìkan ló kó aṣọ tuntun wá fún yín rán lọ́dún yẹn, aṣọ tó ń dán, tí ẹ máa ń fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn. Ó máa ń fún mi ní bisikíìtì. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á bá wa wo eré. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ Màmá kó tó kan yín. Gbogbo àgbà àdúgbò ló mọ̀, ta ni ìbá sọ fún ọmọ ọdún méjìlá?

Ọjọ́ tí eré náà parí, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta inú eré dúró ní ibùdókọ̀ rélùwéè, yìnyín ń bọ́ lé wọn lórí. Àbẹ̀ní gbé àpò dání. Ó bá Apínlẹ́tà sọ̀rọ̀, kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó bá Àjàní wọ rélùwéè. Rélùwéè gbéra. Apínlẹ́tà dúró. Ó tán. Gbogbo wa kọjú sí yín. Ẹ fọwọ́ tún téèpù ọrùn yín ṣe, lẹ́yìn náà ni ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé Àbẹ̀ní ní kí Apínlẹ́tà dúró de òun, pé òun kàn fẹ́ sin Àjàní dé ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé e ni, kó má dà bíi pé wọ́n lé e lọ, òun ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

A gbà á. Ta ni kì í sin àlejò? Bí ẹ̀gbọ́n Màmá bá wá kí wa láti Awo, a ó sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò, a ó tún dúró títí mọ́tò á fi kún. Ẹ̀yin gan-an ti wọ rélùwéè láti Ẹdẹ dé Òṣogbo rí nítorí kí ẹ lè sin ọ̀rẹ́ yín kan, ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó rò ó pé àwọn ará Japáànù lè má mọ ohun tó ń jẹ́ ìsìnlejò. Ẹ̀yin ni ẹ sì sọ ọ́. Bí ẹ bá ti túmọ̀ nǹkan, ó ti tán.

Ṣùgbọ́n ìparí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àdúgbò. Àwọn kan ní Àbẹ̀ní ṣe dáadáa, ẹni tó bá ni pọ́njú ló yẹ kí èèyàn bá jẹun. Ìyá Ráfíù ní òun ò rí òmùgọ̀ obìnrin tó tó bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹni tó wà lọ́kàn ẹni dé, kí èèyàn sìn ín dé mọ́tò, kó padà wálé. Oníbàárà yín méjì bára wọn jà sí i, ọ̀kan fi ìbínú gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ láìní kọ́là. Èmi ni mo burú jù. Mo sunkún, mo ya ìwé tí mo ti ń yàwòrán Àbẹ̀ní sí, mo dojú kọ yín pé eré jákujàku ni, mo sì búra pé mi ò ní wo irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Ẹ kàn ń wò mí. Ẹ ò bá mi wí, ẹ̀yin tí ẹ kì í gba kí ọmọ gbóhùn sókè sí yín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àlejò oníwàásù kan ti Ìbàdàn wá, ẹ ní ọ̀fun ń dùn yín. Ẹlòmíì ló túmọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò gun orí àga ìwàásù mọ́. A fún yín ní oyin, a fún yín ní orógbó, ìyàwó alùfáà fúnra rẹ̀ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ wá, ẹ gba gbogbo rẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Èmi rò pé wọ́n ti rí ọmọ ilé ìwé gíga kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù yín lọ. Mo bínú nítorí yín, mi ò bi yín léèrè.

Ọdún méjìlá ti kọjá sí i. Àwọn ṣọ́jà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń pààrọ̀ ara wọn ni. Oṣù karùn-ún rèé tí wọn ò san owó fún àwa olùkọ́, a sì ń lọ síbi iṣẹ́. Múìbátù, tí èmi àti òun jọ ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ń yá èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí ó lè rí nǹkan jẹ. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ eré àwòrán kan tó mú un sunkún, kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé eré wa ni. Mo pòṣé. Mo ní eré tí ìparí rẹ̀ kò ní láárí. Ó ní rárá, kí n lọ tún un wò, pé ojú ọmọdé ni mo fi wò ó, pé ohun tó dun òun jù ni pé Àbẹ̀ní ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo ní kí ló fẹ́ bojú wẹ̀yìn ṣe nígbà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Múìbátù wò mí títí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì méjì àti ẹ̀rọ rẹ̀ wá sílé wa, ó ní òun ń lọ kí àwọn èèyàn òun l'Álájùé, kí n wò ó tán kí òun tó dé.

Bí mo ṣe jókòó tì í lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn, lórí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tí mo fi owó àjọ rà. Mo fẹ́ wò ó kí n lè fi bú Múìbátù. Màmá gbóhùn orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wá jókòó. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ fún wọn, n ò sì mọ ìgbà tí mo dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Eré náà dára, Bàbá. Ojú tì mí. Mo ti fi ọdún méjìlá bú ohun tí mi ò rí dáadáa. Pupa ni aṣọ tí Àbẹ̀ní ń wọ̀ lọ sọ́jà, a ti ń pè é ní eérú. Wọ́n ya bàtà Apínlẹ́tà dáadáa, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni bàtà náà ń gbó sí i, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú eré látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àjàní tí mo fẹ́ràn nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín fún ara mi. Mo ti ń rò ó pé tí mo bá dé ìparí rẹ̀ báyìí, màá fara mọ́ ọn pé ó padà wá bá Apínlẹ́tà, màá sì lọ bẹ Múìbátù.

A dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Yìnyín ń bọ́. Àbẹ̀ní la ẹnu. Ó ní kí Apínlẹ́tà má dúró de òun. Ó ní òun ò padà wá mọ́. Ó ní kó fi kọ́kọ́rọ́ yẹn fún ẹni tó bá ń wá ilé. Ó ní kó má bínú.

Mo rò pé etí mi ni. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà, mo tún gbọ́ ọ. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó le, Bàbá, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta mi á gbọ́ ọ. Kò sí pé ẹ ṣì í gbọ́. Ohun tí mo sunkún fún ní ọmọ ọdún méjìlá ló wà níwájú mi yẹn, Àbẹ̀ní tẹ̀lé Àjàní, ẹni tí mo fẹ́ kó tẹ̀ lé, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Apínlẹ́tà ni mò ń wò. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀, mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Màmá ń wojú mi, wọ́n ń dúró de ìtumọ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti fi yín hàn ní òpùrọ́ fún aya yín, ẹ̀yin tí ẹ ti kú, tí ẹ ò lè gbèjà ara yín. Bí mo bá sọ tiyín, èmi náà ti di òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ yín ti dé ètè mi tán. Ìgbà náà ni Màmá ní kí n jókòó, kí n má wá irọ́ kankan pa, pé àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ọmọ yẹn ò padà.

Mo jókòó. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n ojú àwọn ò fọ́. Obìnrin tó fẹ́ sin àlejò, tó ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì ṣe? Wọ́n tún ní nígbà tí ẹ ń túmọ̀ ibi yẹn, ẹ ò wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ ò wo àwa tí a jókòó. Àwọn ni ẹ ń wò, ojú yín sì dà bí ojú ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ Ará Àbíjàn fún mi, wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọjà. Pé òun ló ti kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ àwọn, ó lọ, kò kọ̀wé fún ọdún mẹ́rin, àwọn fẹ́ yín. Pé nígbà tó dé, ó ń tẹ̀ lé àwọn kiri pé kí àwọn bá òun lọ sí Àbíjàn, pé kí ni àwọn ń bá télọ̀ tó ń yí kọ́là ṣe. Mo bi wọ́n bóyá ẹ mọ̀. Wọ́n ní ta ni kò mọ̀ l'Ẹdẹ.

Mo bínú, Bàbá, mi ò ní tàn yín. Mo rò pé ẹ ti fi ẹnu tí ẹ fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin. Mo bi Màmá léèrè gbangba pé ṣé nítorí ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ṣe dúró. Ó ṣe mí bíi pé gbogbo ọjọ́ ayé tí mo ti gbé nínú ilé wa ló wà lórí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ní kùtùkùtù, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti odò bọ̀, omi ṣì wà lórí, ni Ará Àbíjàn dá àwọn dúró lójú ọ̀nà láti gba èsì. Wọn ò sọ omi kalẹ̀. Wọ́n ní kó lọ gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ àwọn, kó san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, kó má sì yà lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Aṣọ yẹn ló wá gbà lọ́sàn-án. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, pé ó ku bọ́tìnnì. Kò sí nínú eré mọ́ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ó kàn ń dúró de ṣòkòtò ni.

Mo ké háà, mo tún ké e. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún yín. Wọ́n ní àwọn ń dúró de yín ni. Wọ́n ní ó dùn mọ́ àwọn nínú, pé ọkùnrin tí kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ ẹni, ó bà á jẹ́ níṣojú àdúgbò nítorí àwọn. Wọ́n ń dúró kí ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra yín, kí àwọn lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ọdún kan kọjá, méjì kọjá, wọ́n gbà pé ẹ ti gbàgbé, ta ló ń rántí irọ́ orí àwòrán. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Èmi ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fun yín fún wọn. Mo ní kí wọ́n ka ọjọ́. Sátidé ni eré parí, Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e gan-an ni ọ̀fun dé, ọ̀fun tí kò dí yín lọ́wọ́ láti máa kùn orin nídìí máṣìnnì lójoojúmọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. Wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé, wọ́n tún tú u.

Nígbà náà ni mo sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, torí mi ò mọ̀ pé ó tó nǹkan tí à ń sọ. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn nílé ìwòsàn, nígbà tí abẹ́rẹ́ àti òwú gbogbo jẹ́ ohun tí a ń rà wá láti ìta, Màmá ti lọ sílé lọ sinmi, ó ku èmi nìkan. Ẹ bi mí bóyá mo rántí Àbẹ̀ní. Mo rò pé ibà ni. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká gbàgbé eré jákujàku yẹn, kí ẹ mu ẹ̀kọ yín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún dá a sílẹ̀, ẹ ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó wọ bàlúù lọ sí Japáànù. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ lọ.

Mo ti ń sunkún láti ìgbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ máa jẹ́wọ́ fún, èmi ni ẹ rí, èmi tí mo ti bínú sí ẹ̀dá àwòrán fún ọdún mẹ́wàá, tí mi ò lè fetí sí yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ni ìbá gbà mí? Ǹ bá ti pe Màmá wá, wọn ì bá ti dáhùn kí ọbẹ̀ tó hó. Ṣé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ẹ fi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbọ́ ẹlòmíì tó ń ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, tí ẹ mọ̀ pé ó ṣì í, tí ẹ sì dákẹ́ torí ẹ gbà pé ẹ̀yin náà ò dára jù ú lọ? Ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín ni? Ṣé torí pé ara yín ni ẹ rí nínú Apínlẹ́tà ni ẹ ò ṣe fún un lórúkọ?

Màmá sunkún lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ẹkún, inú bí wọn sí yín gidi, wọ́n rìn yí pálọ̀ ká. Wọ́n ní ṣé ẹ rò pé nítorí aṣọ tó ń dán ni àwọn fi máa gbé àpótí. Wọ́n ní kí ló ṣe tí ẹ ò kàn bi àwọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìbéèrè náà, wọn ì bá dáhùn lórí ìdúró. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá jà.

Múìbátù ti wá gba kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti gbà pé eré náà dára. Mo ní ó dára. Ó ní ìparí rẹ̀ ńkọ́, mo ní mi ò tíì mọ̀, ó sì fi mí sílẹ̀.

Màmá ló ní kí n kọ èyí sí yín, ká má fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù àti ẹ̀bi yẹn níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kó yé yín, kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Èmi náà kò ní fi kún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tó la ẹnu yín parọ́ kankan, Màmá ti yàn yín. Ohun tí ẹ fi àga ìwàásù yín rà, ti yín ni láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ, Bàbá.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí kò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ yín tán.